Igẹ̀ Ló Ń Fa Apá Mọ́ra

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló kọ́ mi ní iṣẹ́ alápatà. Ó ní kò sí egungun tó so apá màlúù mọ́ ara. Ẹran igẹ̀ wà lára ohun tó dè é mọ́ àyà. Bí a bá gé igẹ̀ lábẹ́ abíyá, apá á ṣí bí ilẹ̀kùn. Ó gbá àyà tirẹ̀, ó ní, "Èyí lèmi náà fi ń fa nǹkan mọ́ra."

Nígbà tí ọkọ mi kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí fẹ́ gba ìsọ̀ ẹran lọ́wọ́ mi. Mo kọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún mi lọ́rùn mọ́ tábìlì.

"Ìyàwó, ṣé wàá kẹ́rù jáde, àbí kí wọ́n wá gbé ẹ jáde?"

Ojú mi ṣókùnkùn. Ọwọ́ mi ba ọ̀bẹ. Mo gé e níbi tí igẹ̀ ti wọ apá. Ẹ̀jẹ̀ tú sí mi lójú, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì bọ́ kúrò lọ́rùn mi. Mo já ara mi gbà lọ́wọ́ òsì.

Ó tún fẹ́ gbá mi mú. Apá náà lọ sẹ́yìn, kò padà síwájú mọ́.

"Kí lo gé?" ló ń ké.

"Ibi tí ẹ kọ́ mi ni, Ẹ̀gbọ́n."

Mo ṣílẹ̀kùn, mo sì pe èèyàn kí wọ́n wá di ọgbẹ́ rẹ̀.