Igi Ìdáná Sabhagi

Láti ìgbà tí Hajran ti bí Sajan, àkọ́bí rẹ̀, ni ìtọ̀ ti ń ta á bí ata, kò sì lè mú un dúró mọ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń dín róòtì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ, lọ́wọ́ ni ìtọ̀ bá já lára rẹ̀, ó ṣàn kan ẹsẹ̀ Mehrab ọkọ rẹ̀.

Mehrab fi irun wọ́ ọ lulẹ̀, ó ń fi bàtà ta á nípàá níkùn.

"Àgbàyà! Ewúrẹ́ sàn jù ẹ́!"

Ẹ̀jẹ̀ bo ẹnu Hajran. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá Sajan, kì í ṣe ẹjọ́ mi!"

Sabhagi, ìyá Mehrab, fa igi ìdáná yọ, ó là á mọ́ ọmọ rẹ̀ lápá. Egungun kán.

"Yéè! Ìyá mi, ẹ ti dá mi lápá!"

"Máa bọ̀, kí n dá ìkejì! Láti ọjọ́ tí mo ti bí ẹ ni mo ti ń tọ̀ sára, tí mò ń fi àkísà dì í. Ṣé mo ta ẹ́ nípàá níkùn rí?"



Ọkọ̀ kan náà ló gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ọsibítù. Nígbà tí dókítà sọ fún Hajran pé iṣẹ́ abẹ lè wò ó sàn, Sabhagi sún mọ́ dókítà náà.

"Dókítà, ẹ dákun, ẹ wo tèmi náà."