Bọ́tìnnì Tó Sún Mọ́ra Jù

Nígbà tí Nafisah bá fi máa jáde ní kíláàsì lọ́sàn-án, ara rẹ̀ á ti máa bẹ̀ ẹ́ pé kó dákun, kó lọ sùn. Ṣùgbọ́n oorun kọ́ ló kàn. Láti ilé ìwé tó ti ń ṣe tíṣà ní Ọ̀kà, ọkọ̀ Ìkàrẹ́ ló máa ń wọ̀ tààrà, ó di ọ̀dọ̀ Òkìkíọlá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń ṣe ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà tí àìsàn ti rọ Zakariyya ọkọ rẹ̀ lápá ọ̀tún, tó sì fi iṣẹ́ awakọ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ tó lè máa jókòó tì í ṣe nílé ni Nafisah ń wá.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ báyìí ni bí ojú ìwé ṣe ń dá ẹni tó ń lò ó lóhùn: ibi tó máa tẹ̀, ohun tó máa rí lẹ́yìn tó bá tẹ̀ ẹ́, àti bó ṣe máa padà bó bá ṣìnà. Nafisah ṣe tirẹ̀ fún Safinat àbúrò rẹ̀, aránṣọ, kí àwọn oníbàárà lè máa fi fóònù sọ irú aṣọ tí wọ́n fẹ́. Ó to àwọn bọ́tìnnì wẹ́wẹ́ tí èèyàn máa fọwọ́ tẹ̀ sísàlẹ̀ ojú ìwé náà nigínnigín.

"Ó rẹwà, mà," ni Òkìkíọlá wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ṣe é, kò lè rú yín lójú. Ẹ gbé e fún ẹni tí kò rí i rí. Ẹ má kọ́ ọ o, ẹ kàn máa wò ó."

Ta ló tún wà nílé? Lẹ́yìn oúnjẹ, ó gbé fóònù lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ òsì.

"Bàbá Marwa," ó fi orúkọ ọmọ wọn pè é, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dán an wò. Ẹ ṣe bí ẹni tó fẹ́ rán aṣọ."

Zakariyya ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, òógùn ń sọ níwájú orí rẹ̀. Ó ń ṣe Nafisah bíi kó bá a tẹ̀ ẹ́, ó sì kó ara rẹ̀ níjàánu. Nígbà tó kọ̀wé tán, tó fẹ́ tẹ "Fi ránṣẹ́," àtàǹpàkò rẹ̀ bà lé "Pa á rẹ́" tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tó kọ pòórá.

Ó ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Gbé e... kúrò," ó wí, ọ̀rọ̀ ń fà lẹ́nu rẹ̀. "Kì í ṣe... fún irú wa."

Ó rẹ Nafisah débi pé ó kù díẹ̀ kó sọ pé ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló ṣe é. Ó ti la ẹnu. Ó wá rí bí Zakariyya ṣe fi ọwọ́ òsì di ọ̀tún mú, bí ẹrù ẹlòmíràn tí wọ́n ní kó bá àwọn tọ́jú.

"Ọwọ́ yín kọ́," ó wí. "Èmi ni mo tò wọ́n mọ́ra jù."

Lọ́jọ́ kejì ní Ìkàrẹ́, ó sọ "Fi ránṣẹ́" di ńlá, ó gbé "Pa á rẹ́" jìnnà sí i, ó sì ṣe é kí ojú ìwé náà kọ́kọ́ béèrè bóyá ó dá èèyàn lójú kó tó pa nǹkan rẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, yóò rí i níwájú rẹ̀ pé: "A ti rí i gbà. Ẹ ṣeun." Bó bá tún ibí ṣe, ọ̀hún á bàjẹ́. Nígbà tó yá, ó gbé orí lé tábìlì, oorun sì gbé e lọ. Òkìkíọlá kò jí i.

Nígbà tó délé, Zakariyya kò fẹ́ fọwọ́ kan fóònù. Nafisah kò bẹ̀ ẹ́. Ó fi fóònù náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tún nà án sí i mọ́.

Ọ̀sán Sátidé ló ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tí Safinat dé.

"Àǹtí mi, ta ló kọ̀wé sí mi lórí ojú ìwé yẹn? Ó ní òun fẹ́ jalabíà tó gbòòrò lápá, tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan wọ̀ fúnra rẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí."

Nafisah yọjú wo inú yàrá láti ojú fèrèsé. Ọkọ rẹ̀ gbé fóònù sún mọ́ ojú, ètè rẹ̀ ń mì, ó ń ka "A ti rí i gbà" yẹn. Ó ti pẹ́ tó ti pa mọ́ṣáláṣí tì. Nafisah rò pé ó ti sú u ni. Zakariyya kò sọ fún un rí pé kí wọ́n máa wọ aṣọ fún òun bí ọmọdé ni òun kò lè fara dà.

"Bá a rán an," Nafisah wí fún àbúrò rẹ̀.

"Màá rán an. Ṣùgbọ́n ta ni kí n gbé e fún? Ojú ìwé yín kò béèrè orúkọ."

Nafisah wo ojú ìwé náà lórí fóònù Safinat. Lóòótọ́, kò fi ibi tí wọ́n ti máa kọ orúkọ sí i. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tútù, ẹ̀rín àti ẹkún gbé e lẹ́ẹ̀kan náà.

"Màá tún un ṣe lọ́la," ó wí. "Jẹ́ kí n sinmi ná."