Lọ́yà Onígbàjámọ̀

Ẹni tó kọ́kọ́ pe onígbàjámọ̀ yìí ní Lọ́yà kò mọ̀ pé ìjàngbọ̀n lòun ń wá fún un. Àwàdà lásán ni. Ọkùnrin náà kò ka ìwé òfin kankan rí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ tó fi ń fá irun lọ. Bí oníbàárà bá ti jókòó sórí àga rẹ̀, tó ní onílé ń yọ òun lẹ́nu tàbí ọ̀gá lé òun níṣẹ́, kí Lọ́yà tó gẹ orí rẹ̀ dé ìdajì, ó ti dá ẹjọ́ náà tán. Àwọn tó ń dúró de tiwọn a máa mi orí, inú rẹ̀ a sì máa dùn. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Oyè a máa wu èèyàn, pàápàá oyè tí kò tọ́ sí i.

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń bá alágbàfọ̀ lọ aṣọ, gba ìwé ìpè láti kóòtù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló gbé e wá. Ọkọ ti pẹjọ́ pé kí wọ́n tú ìgbéyàwó àwọn ká, kí wọ́n sì kó àwọn ọmọ méjèèjì fún òun. Obìnrin náà kò sunkún nítorí ọkọ. Ọkọ ti sú u tipẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní èmi ni olùjẹ́jọ́. Kí ni mo jí?"

Lọ́yà rẹ́rìn-ín. "O ò jí nǹkan kan. Ẹni tó gbé ẹjọ́ lọ ni olùpẹjọ́, ẹni tí wọ́n ní kó wá fèsì ni olùjẹ́jọ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Èyí tọ́. Ká ní ó dákẹ́ síbẹ̀ ni, n kì bá tí rí ìtàn sọ. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ń gbọ́, ẹnu Lọ́yà kò sì ṣe é pa dé lójú èrò. Ó gbé kílípà sílẹ̀.

"Má lọ," ló wí. "Ṣé àwọn àgbà kò sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni? Bí o ò bá sí níbẹ̀, báwo ni adájọ́ ṣe fẹ́ dá a? Ẹjọ́ náà á kú síbẹ̀ ni. Ọkọ rẹ á máa pààrà kóòtù títí á fi rẹ̀ ẹ́."

"Ṣé ó dá yín lójú, ẹ̀gbọ́n?"

"Ṣé mo ti parọ́ fún ẹ rí ni?"

Kò parọ́ fún un rí lóòótọ́. Lẹ́yìn ikú àwọn òbí wọn, òun ló ń gẹ irun títí ọwọ́ fi ń ro ó kí ọmọbìnrin yìí lè lọ síléèwé. Ta ló máa bá irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ jiyàn? Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ pé, obìnrin náà gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, wọ́n tún ránṣẹ́ pè é, Lọ́yà tún ní kó fọkàn balẹ̀.

Ìgbà tó yá, ọkọ àti òṣìṣẹ́ kóòtù wá kó àwọn ọmọ lọ. Ìdájọ́ ti jáde.

Agbẹjọ́rò tí wọ́n lọ bá ní ọ́fíìsì tí ìjọba ti ń bá aláìní ṣe ẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tí Lọ́yà lè bí lọ́mọ. Ó ka ìwé wọn, ó mí kanlẹ̀.

"Òfin kò ní kí adájọ́ dúró títí ẹni méjèèjì á fi sọ̀rọ̀, mà. Ohun tó ní ni pé kí wọ́n fún ẹni méjèèjì láàyè láti sọ ọ́. Wọ́n pè yín, ẹ ò lọ. Ó lè dá a láìsí yín níbẹ̀."

Lọ́yà tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ jù," agbẹjọ́rò náà ní. "A lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yí ìdájọ́ yẹn dà, kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́. Ẹ kàn máa búra sọ ohun tó dá yín dúró ni. Kí ló dá yín dúró?"

"Ara mi ò yá," ni àbúrò rẹ̀ dáhùn kíákíá. Kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Lọ́yà mọ̀ pé ìtìjú òun ló ń bò. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: inú rẹ̀ dùn sí i fún ìṣẹ́jú kan. Lọ́kàn rẹ̀, ó ti ń rí ọkọ àbúrò rẹ̀ nínú kóòtù, ó ti ń rí àwọn oníbàárà, ó ti ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Ó fẹ́ kí irọ́ náà jẹ́.

"Ṣé ẹ ní ìwé dókítà?" agbẹjọ́rò náà bi í. " Bí wọ́n bá fi hàn pé ibi iṣẹ́ lẹ wà lọ́jọ́ náà, irọ́ abẹ́ ìbúra nìyẹn. Ẹ lè máa rí àwọn ọmọ yín lókèèrè nìkan."

Obìnrin náà ní òun á wá ìwé náà. Ó ṣì ń múra láti pa irọ́ náà. Ojú wá ti Lọ́yà ju bí ẹ̀rín èrò ṣe lè dójú tì í lọ.

"Èmi ni," ló wí. "Èmi ni mo ní kó má lọ."

Nínú kóòtù, níwájú adájọ́ àti agbẹjọ́rò wọn, Lọ́yà tún un sọ lẹ́yìn ìbúra. Adájọ́ yọ awò ojú rẹ̀.

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Irun ni mo ń gẹ̀, Olúwa mi."

"Ta wá ló kọ́ yín lófin?"

"Kò sẹ́nì kankan, Olúwa mi."

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Oníbàárà rẹ̀ méjì wà nínú wọn. Adájọ́ ní kí wọ́n dákẹ́, ó sì ní òun máa tún ẹjọ́ náà gbọ́, ṣùgbọ́n títí di ìgbà náà, àwọn ọmọ á ṣì wà lọ́dọ̀ bàbá wọn.

Níta, ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, obìnrin náà kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣeun gan-an ni." Ká ní ilẹ̀ lè lanu ni, Lọ́yà ì bá wọlẹ̀. Ó fà á dìde. Obìnrin náà nu ojú rẹ̀, ó sún mọ́ ọn bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré.

"Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá tún pè mí, kí ni kí n sọ?"

Lọ́yà la ẹnu, ó pa á dé.

"Mi ò mọ̀," ló wí.

Obìnrin náà ń wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa.

"Mi ò mọ̀, àbúrò mi. Jẹ́ ká padà wọlé, ká lọ béèrè lọ́wọ́ ọmọ agbẹjọ́rò yẹn."