Ọwọ́ Ọ̀tún Akíndélé

"Ó fi ọwọ́ ọ̀tún fún mi ní káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, kò sì ni í lára rárá." Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé tí ìjọba fi ránṣẹ́ sí ọkọ mi nìyẹn. Ọwọ́ ọ̀tún wo? Èyí tí kò lè di ṣíbí mú láti ọdún méjì tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú?

Ọmọbìnrin kan ni wọ́n rán wá sílé wa ní Blackley, nílùú òyìnbó níbí, pé kó wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó ìrànwọ́ aláàbọ̀ ara tọ́ sí i. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì ni. Nọ́ọ̀sì kẹ̀! Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti fi ń tọ́jú aláìsàn ní ọsibítù ní Crumpsall, n ò rí nọ́ọ̀sì tí kì í wo aláìsàn rí. Kọ̀ǹpútà ló tẹjú mọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó mu omi wa, ó lọ.

Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, òmùgọ̀ tó jù ú lọ wà lórí àga mi. Akíndélé ọkọ mi, ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbẹ̀kọ́, kò lè fi ọwọ́ òsì fún àlejò ní nǹkan. Nígbà tí ọmọ yẹn béèrè káàdì, ojú mi báyìí ló ṣe fi ọwọ́ òsì gbé ọ̀tún lábẹ́ tábìlì, ó gbé e lé orí tábìlì, ó ki káàdì bọ àárín ìka, ó tì í síwájú. Ó ń làágùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ yẹn wá gbójú sókè lákòókò tí káàdì dé iwájú rẹ̀. Ó bi í bóyá ó ń wọṣọ fúnra rẹ̀. Akíndélé ní bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló de bọ́tìnnì ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà? Èmi ni. Ó bi í pé ara ńkọ́. "We thank God," ó ní, "I am very well."

Bí ó ṣe jáde, mo ní, "Bàbá Ayọ̀mikún, ara yín ti yá nìyẹn. Ẹ dìde, ẹ lọ gé koríko ẹ̀yìnkùlé." Ó fi ọwọ́ òsì gbé ọ̀tún padà sórí itan. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Òdo ni máàkì tí wọ́n fún un, kò sí owó ìrànwọ́ kankan. A ní kí wọ́n tún un wò, wọ́n tún fún un ní òdo. Ohun tó sì ń dùn mí ni pé bí wọn ò bá gbà pé ó nílò ìtọ́jú, n ò lè dín iṣẹ́ kù kí n jókòó tì í. Òun nìkan ni yóò máa wà nílé láti aago méje àárọ̀. Nínú oṣù kejì ó ṣubú sí balùwẹ̀. Orí ilẹ̀ tútù yẹn ni mo bá a nígbà tí mo dé ní aago mẹ́rin.

Ayọ̀mikún ọmọ wa ló bá wa kọ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ó ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, left hand ni kẹ́ ẹ lò níbẹ̀. Bó ṣe rí gan-an ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i." Mo fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ọ nídìí oúnjẹ. Mo ní kó fi òsì na iyọ̀ sí mi. Gbogbo ìgbà tó bá nà án, á ní, "Má bínú, ọwọ́ òsì ni." Mo ní, ta ló ń bínú? Ìbínú mi kì í ṣe ti iyọ̀.

Ọjọ́ pé, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sáàárín ìgboro. Àwọn mẹ́ta ló gbọ́ ẹjọ́ náà. Adájọ́ jẹ́ ìyá arúgbó onírun funfun, dókítà kan àti ọkùnrin kan sì jókòó tì í. Ìyá náà ní kó fún òun ní ìwé oògùn rẹ̀. Akíndélé fi ọwọ́ òsì mú un. Ó nà án dé ìdajì, ó dúró. Ó wá tẹ orí ba, ó ní, "Ẹ má bínú, mà, ọwọ́ òsì ni." Yorùbá ló sọ sí òyìnbó.

Wọ́n bi í pé kí ló wí. Ó sọ ọ́ fún wọn. Dókítà yẹ ìwé tí nọ́ọ̀sì yẹn kọ wò, ó ní, "Báwo lẹ ṣe wá fún un ní káàdì nílé?"

Ó fi hàn wọ́n. Ó gbé ọwọ́ náà sórí tábìlì, ó ki káàdì sáàárín ìka. Káàdì jábọ́. Ó tún un ṣe. Ó tún jábọ́. Ó tì í títí ó fi dé iwájú wọn. Mo ti rí i ṣe é lẹ́ẹ̀kan, mo sì pè é ní òmùgọ̀. Ojú tì mí.

Lọ́jọ́ kẹwàá, mo ti ibi iṣẹ́ dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tó ti tú. Wọ́n ti gbà. Ó na lẹ́tà náà sí mi.

"Ìyá Ayọ̀mikún," ó ní, "má bínú, ọwọ́..."

Mo fi ọwọ́ òsì tèmi gbà á kó tó sọ ọ́ tán.