Omi Àkèré

Oògùn já bọ́ láti inú bàtà Bọ́láwálé, wọ́n fọ́n ká sílẹ̀ bí ẹ̀wà. Oríọlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, kúnlẹ̀, ó ṣa ọ̀kan. Pupa rẹ̀ ti ṣí. Ó ti wọ ẹnu rí.

Àpò ló ń bá a dì. Oṣù méjì tó fi ń gba ìtọ́jú ikọ́ ife lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìsìkàn pé lónìí, ó fẹ́ padà sọ́dọ̀ ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ l'Óǹdó. Pẹ̀lú ọ̀wọ́n oúnjẹ yìí, ẹyin tó yẹ kí Oríọlá jẹ ló ń fún un, kí oògùn lè bá a lára mu. Àràárọ̀ ló ń dúró tì í títí yóò fi gbé e mì. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú káàdì ilé ìwòsàn, láti jẹ́rìí pé ó ti lò ó. Ọdún tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, ní kíláàsì àwọn àgbà. Ìgbà méjìdínlọ́gọ́ta ló ti fi orúkọ náà jẹ́rìí èké.

"Bọ́láwálé, ṣebí ẹnu rẹ ni mo ń wò?"

"Abẹ́ ahọ́n ni mo ń fi í sí, Àǹtí. Èébì ló máa ń gbé mi."

"Kí lo wá ń mu?"

Ó fi àgbọ̀n júwe bàsíà abẹ́ fèrèsé. Àkèré mẹ́fà ló wà níbẹ̀, tí Oríọlá mú bọ̀ láti odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ fún Dókítà Monílọ́lá, tó ń ṣèwádìí awọ wọn.

"Omi wọn ni. Ẹ ò gbọ́ bí ohùn mi ṣe ti ń jọ tiwọn?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ kò jẹ́.

"O sọ mí di onírọ́."

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, níwájú gbogbo ará ilé. Ẹ ní ohun tó wà lára àkèré ń pa kòkòrò ikọ́ ife."

Ohun tí dókítà sọ fún Oríọlá ni pé, "Inú ìgò ló ti pa á o, Màmá. A ò tíì dán an wò lára èèyàn." Ọ̀rọ̀ ìgò yẹn ni Oríọlá fi sílẹ̀ sójú ọ̀nà, torí ìtàn náà dùn jù láìsí i. Wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí. Èyí tó sọ ti dé inú àbúrò rẹ̀, ó ti di odindi.

Fóònù dún. Ìyàwó Bọ́láwálé ni.

"Àǹtí, ṣé wọ́n ti gbéra? Ọmọ ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà."

Oríọlá yọ bàtà kúrò nínú àpò, ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn oògùn náà.

"Ìyàwó wa," ló wí, "fara balẹ̀ gbọ́ mi."

Orí ọ̀rọ̀ ìgò náà ló ti bẹ̀rẹ̀.