Ọ̀rá Ìyá Àbùùbùtán

Láti ìgbà tí Àlàájì Súbérù ti jáde láyé, Mọ̀ríámọ̀ aya rẹ̀ ló ń ṣe àkóso agbo ilé wọn lẹ́yìn gbàgede Paparanda. Ohùn rẹ̀ ni gbogbo ìyàwó ilé ń gbọ́. Ohùn yẹn náà ló gbé sókè nígbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tó ká Nímátù, ìyàwó Fàrúkù ọmọ rẹ̀, mọ́ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé níbi tó ti ń mu ògì lójú ọ̀sán.

"Ẹ wá wò ó! Àwọn ará Oworo! Oko ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ ààwẹ̀."

Àwọn obìnrin ilé bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú wọn pé ẹ̀sìn yọ̀ǹda fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú kó jẹun. Àwàdà ni Mọ̀ríámọ̀ pè é. Ṣùgbọ́n Nímátù gbé ife ògì náà sílẹ̀, láti ọjọ́ náà kò sì fẹnu kan nǹkan kan mọ́ títí oòrùn fi ń wọ̀.

Ooru mú lọ́dún náà. Òkúta Òkè Patti á gbóná láti àárọ̀, kò ní tutù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nàbílà, ọmọ ọwọ́ Nímátù, á fa ọmú, á ké, á tún fà á. Nígbà tí ààwẹ̀ dé ìdajì, wọ́n gbé e lọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì gbé e sórí ìwọ̀n, ó ní kò fi nǹkan kan lé sí ti oṣù tó kọjá.

"Ìyá ọmọ, ṣé ẹ ń jẹun?"

Nímátù ní òun ń jẹun. Mọ̀ríámọ̀, tó jókòó tì í, ń wo ilẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, nígbà tí Nímátù ń se oúnjẹ ìṣínu lọ́wọ́, Fàrúkù pè láti Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, òun àti àwọn onímọ̀ kan jọ ń wọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń ka àbùùbùtán, ẹranko ńlá inú òkun tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ìyá rẹ̀ ló gbé fóònù, Nàbílà wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Màámi, a rí ìyá kan tòun tọmọ lónìí! Ọmọ tuntun o, ó ti gùn ju mọ́tò lọ."

"Kó má gbé ọ mì o!"

"Kòkòrò omi tín-ín-tìn-ín ló ń jẹ. Ta ló fẹ́ jẹ eegun tèmi?"

Mọ̀ríámọ̀ rẹ́rìn-ín. Fàrúkù ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Níbi tó ti ń tọ́mọ yìí, oúnjẹ ò sí. Ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń yọ́ di wàrà. Bí ọmọ ṣe ń sanra ni ìyá ń gbẹ. Láyé àtijọ́, wọ́n ń jẹ àjẹyó kí wọ́n tó wá. Ní báyìí, oúnjẹ wọn ti ṣí kúrò níbi tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí, okùn apẹja sì ń há mọ́ wọn lára. Ìyá tí kò bá lọ́ràá, ọmọ rẹ̀ kì í dàgbà dáadáa. Àwọn tó ń dàgbà báyìí kúrú sí ti àtijọ́. Irú èyí tí à ń kà yìí ò pé irinwó mọ́ láyé, Màámi."

Mọ̀ríámọ̀ di ẹsẹ̀ Nàbílà mú. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹyẹ.

"Nímátù ńkọ́? Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun."

Bó ti sọ ọ́ tán ni ojú tì í, tí ara rẹ̀ gbóná láti ọrùn dé etí. Nínú ààwẹ̀, ó purọ́ fọ́mọ tó bí, ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló sì ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì, ó ro tùwó ìrẹsì, ó fi ẹja àrọ̀ sí ọbẹ̀. Ì bá gbé e wọ yàrá kó ti ilẹ̀kùn. Ó rò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbangba ló ti bú ọmọ ọlọ́mọ. Ó gbé àwo náà jáde sí àgbàlá lọ́sàn-án gangan, níbi tí Nímátù àti àwọn obìnrin ilé jókòó sí.

Fàtíà, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, ló kọ́kọ́ rí i. "Àlàájà! Ṣé a ti ṣínu ni?"

"Ìyá ọmọ ló fẹ́ jẹun."

Nímátù kò gbójú sókè. "Ẹ ṣé, Màámi. Mo ń gbààwẹ̀. Ará oko náà lè gbà á."

Mọ̀ríámọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, láìtẹ́ ẹní.

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ kò dára. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi rẹ́rìn-ín, ẹ gbọ́ èyí náà: èmi ni mo gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ Fàrúkù. Jọ̀ọ́, ìyá mi, jẹun."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kí Nímátù tó fọwọ́. Ó kẹ̀yìn sí ìyá ọkọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Òkèlè ń tẹ̀ lé òkèlè, kò dúró mí, ibẹ̀ sì ni Mọ̀ríámọ̀ ti rí bí ebi náà ti pọ̀ tó. Nígbà tí àwo ṣófo, Mọ̀ríámọ̀ na ọwọ́ gbà á, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni, ó sì lọ bù sí i.