Ẹni Tí A Ó Kọ́kọ́ Mú

Bọ̀ọ̀dá Johnson ló kó àṣà Amẹ́ríkà wọ inú líìgì bọ́ọ̀lù wa. Ó gbé Houston fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó wá sí Johannesburg wá máa ta páàtì mọ́tò, kò sì sí ọ̀rọ̀ téèyàn lè bá a sọ, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ ọbẹ̀, tí kò ní fi Houston sí i. Òun ló sọ fún àwọn alága ẹgbẹ́ pé lọ́hùn-ún, tí sáà bọ́ọ̀lù bá parí, ẹgbẹ́ tó bá ṣe ìkẹyìn ni wọ́n máa ń fún láyè láti kọ́kọ́ mú nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun, kí òun náà lè rí nǹkan dì mú. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí gbogbo wọn. Láti ìgbà náà, tí oṣù kejì ọdún bá ti dé, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí wọ́n mọ bọ́ọ̀lù gbá á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ní Bertrams, àwọn ẹgbẹ́ á sì máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwa Yorùbá náà sì fi tiwa kún un. Wọn kì í gba jẹ́sì lọ́rùn èèyàn. Ẹni tí wọ́n mú ẹni tuntun rọ́pò ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ jẹ́sì rẹ̀ tòun ti nọ́ńbà, tí yóò sì fi wọ ẹni tuntun náà lójú gbogbo ayé, ilé rẹ̀ sì ni ẹni tuntun náà yóò ti jẹun lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Wọ́n ní kí ìjà má baà wà ni. Ó dáa. Àmọ́ kò sẹ́ni tó bi àwa ìyàwó tí a máa se oúnjẹ náà.

Ní ọdún 2009, ẹgbẹ́ wa, Ìràwọ̀ Troyeville, ló ṣe ìkẹyìn. Kì í ṣe pé wọn ò gbìyànjú. Wàhálà ọdún tó ṣáájú, tí wọ́n ń lé àwọn àlejò kiri ìlú, ti tú àwọn tó ń gba ẹ̀yìn fún wa ká. Àwọn kan sá lọ sí Cape Town, àwọn kan pa dà sílé pátápátá. Ọkọ mi ló wọ nọ́ńbà mẹ́wàá, òun náà sì ni balógun ẹgbẹ́. Gbogbo bọ́ọ̀lù tó máa di góòlù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí kò sì sẹ́ni tó ń dá àwọn ọ̀tá dúró mọ́, ẹsẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ń wá wá.

Adéyínká ni orúkọ ọkọ mi. Ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní Doornfontein, Eddie ni wọ́n ń pè é, ó sì ń dáhùn, torí pé ẹni tó ń san owó oṣù ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bọ̀ọ̀dá Adé ni. Nílé, èmi ń pè é ní Bàbá Fikáyọ̀, torí ọmọbìnrin wa. Orí pápá nìkan ni wọ́n ti ń pè é ní Àtàndá, oríkì tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é kí ìyá tó kú. Mi ò mọ ẹni tó tú u síta fún wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí gbogbo pápá bá ti ké Àtàndá lọ́jọ́ Àìkú, ọkùnrin tó ń di irin àtẹ̀gùn mú kó tó lè gòkè láti ọjọ́ Ajé yóò na ẹ̀yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ yóò sì mọ́lẹ̀. Mi ò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Àga onírin kan wà tó ṣeé ká, òun ni mo máa ń gbé lọ, tí mo máa jókòó sí tìbínú tìbínú nínú oòrùn. Ojú rẹ̀ yẹn ni mò ń lọ wò.

Orúnkún ọ̀tún ló kọ́kọ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ó máa ń wú lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kó fà di Ọjọ́rú. Mo fi omi gbígbóná jó o, mo fi òróró ra á, mo gbàdúrà sí i. Fikáyọ̀, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó sọ ohun tí èmi ò fẹ́ gbọ́.

"Mummy, Daddy's knee is finished."

Mo ní kó lọ ṣe iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n mú agbábọ́ọ̀lù, àwọn àgbà ẹgbẹ́ wá ṣèpàdé ní pálọ̀ wa. Mákindé tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Johnson náà sì ti gba àga tó dáa jù. Ọmọ tuntun méjì ni gbogbo èèyàn ń pariwo wọn lọ́dún yẹn. Dàmọ́lá, ọmọ Iléṣà, tẹ́ẹ́rẹ́, bọ́ọ̀lù ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Èkejì ń jẹ́ Zulkifli, ọmọ Ìwó, ó ga, ó fẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ti gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀.

"Kọ́tábáàkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú," Bọ̀ọ̀dá Johnson ní.

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Mákindé bi í.

"Nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ẹni tí bọ́ọ̀lù ń ti ọwọ́ rẹ̀ jáde ni. Òun ni gbogbo àwọn yòókù ń wojú rẹ̀. Ní Houston, ẹgbẹ́ tí ò bá ní in, kí wọ́n kúkú lọ sùn. Ọmọ Iléṣà yẹn ni kẹ́ ẹ mú."

"A ní ẹni tí bọ́ọ̀lù ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde," mo dá wọn lóhùn láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnì.

Ẹsẹ̀ ọkọ mi wà lórí àpótí láàárín wọn, táwẹ́ẹ̀lì gbígbóná wà lórí orúnkún rẹ̀, gbogbo wọn sì ń wo ògiri. Ni mo bá wọlé, mo nu ọwọ́ mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí mi. Bí ẹ bá mú ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù pín, tí kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀, ṣé ẹ ò ní sọ òun náà di èyí tó wà lórí àpótí yìí? Zulkifli ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ tún ẹ̀yìn ilé ṣe ná, kẹ́ ẹ tó kun ojú rẹ̀ lọ́dà."

"Eish," Mákindé ké bí àwọn ará Johannesburg tí ọ̀rọ̀ bá yà lẹ́nu. "Ìyá Fikáyọ̀, ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ o."

"Wọ́n máa ń jiyàn ẹ̀ ní Houston náà," Bọ̀ọ̀dá Johnson jẹ́wọ́. "Àwọn kan máa ń ní àwọn tó ń dí ọ̀nà ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú."

"Ẹ ti rí i, Houston ń bẹ lẹ́yìn mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rò ó, torí balógun ló ń mú, ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó pè mí. "Òótọ́ lo sọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ẹgbẹ́ lo ṣe sọ ọ́."

Mi ò purọ́ fún un. "Torí yín ni. Tẹ́ ẹ bá bọ́ jẹ́sì yẹn, kí ni wọ́n á tún máa pè yín?"

Ó rò ó díẹ̀. "Eddie," ó ní.

Ó fẹ́ fi pa mí lẹ́rìn-ín ni. Ẹkún ló gbọ̀n mí, mo sì sá pa dà sí kíṣìnì, mo ń fọ ìkòkò tí mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí ọkọ mi mú Zulkifli. Àní kó kàn jẹ́ sáà kan ṣoṣo sí i.

Lọ́jọ́ Àìkú, a ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí pápá tààrà. Àwọn ọmọ tuntun ti tò. Wọ́n pe Ìràwọ̀ Troyeville, ọkọ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ bá wọn, ó ń tiro, àmọ́ wọ́n ń ké Àtàndá, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tọ́. Ó dé iwájú Zulkifli, ó dúró, ó na ọwọ́, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọkàn mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. Lẹ́yìn náà ló gbá a léjìká, ó sì kọjá lọ bá Dàmọ́lá.

Ó bọ́ jẹ́sì rẹ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì tí mo ní kó má wọ̀, tó ti ya lábíyá, ló wọ̀ sábẹ́ rẹ̀, gbogbo ará Johannesburg sì rí i. Dàmọ́lá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko, kò dìde.

"Dìde, ọmọ mi," ọkọ mi ní. "Orúnkún mi ò lè bá ẹ nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn."

Pápá bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà dìde, ó tẹ orí ba, ọkọ mi sì fi jẹ́sì náà wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó fà á wálẹ̀ lẹ́yìn fún un bí mo ṣe máa ń ṣe fún Fikáyọ̀ tó bá ń lọ síléèwé. Ni wọ́n bá ń ké Dàmọ́lá, Dàmọ́lá. Ẹgbẹ́ Randburg ló mú Zulkifli. Inú bí mi débi pé mi ò bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Dàmọ́lá wá jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo ti pinnu pé mi ò ní fẹ́ràn rẹ̀. Mo bu ìrẹsì fún un, mo fi ẹran kan ṣoṣo lé e, mo sì jókòó sí ọ̀ọ́kán rẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń fa ọrùn jẹ́sì náà sókè, torí pé ó ń yọ́ bọ́ léjìká rẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ mi rán nọ́ńbà mẹ́wàá yẹn sẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ ibi tí òwú ti já tí mo tún un rán.

"Mà," ó ní, kò wo ojú mi. "Tí ẹsẹ̀ bọ̀ọ̀dá bá ti san, mo máa dá a pa dà fún wọn."

"Kò ní san mọ́," ọkọ mi ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Kò tíì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé yẹn. Ó sọ ọ́, ó sì ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Mo wo ojú rẹ̀ títí, mo sì rí i pé ó ti mọ̀ tipẹ́, èmi ló ń dúró dè kí n mọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ti ara mi náà sì ṣe mí.

Mo dìde, mo mú téèpù ìwọ̀n mi. "Dúró," mo sọ fún Dàmọ́lá. "Na ọwọ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́." Mo wọn èjìká rẹ̀, mo wọn àyà rẹ̀. Egungun ni gbogbo rẹ̀. Ó ní ìyá òun náà a máa ránṣọ, ní Iléṣà, òun ò sì tíì rí owó ìpè fi pè wọ́n látìgbà tí òun ti dé. Mo fún un ní fóònù mi, mo sì ní kó bọ́ jẹ́sì náà fún mi. Nígbà tó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lédè Ìjẹ̀ṣà ní igun pálọ̀, mo tú ẹ̀gbẹ́ jẹ́sì náà méjèèjì, mo sì fún un mọ́ra bó ṣe yẹ ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́. Kó tó parí ìpè rẹ̀, mo ti fi ẹran kejì sórí ìrẹsì rẹ̀.

Randburg la kọ́kọ́ bá gbá. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ti di báàgì ọkọ mi tán, pẹ̀lú bàtà àti ìbọ̀sẹ̀, kí n tó rántí. Mo tú u. Mo gbé àga mi kan ṣoṣo bí mo ṣe máa ń gbé e, a sì lọ.

Kò pẹ́ tí Zulkifli fi gbá Dàmọ́lá dà nù. Ó tún un ṣe. Àwa ò ní ẹni kankan tó máa sọ fún un pé ó tó. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde lórí àga.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn," mo pariwo mọ́ wọn, "ẹ dúró ti ọmọ yẹn. Ọmọ ọlọ́mọ ni."

Dàmọ́lá dìde, ó gbọn koríko nù, ó sì fi bọ́ọ̀lù kan ránṣẹ́ láti àárín pápá, ó bọ́ sí ẹsẹ̀ ẹni tó máa gbá a wọlé gẹ́lẹ́. Góòlù. Gbogbo pápá ké orúkọ rẹ̀. Wọ́n pa dà nà wá ní méjì sí ẹyọ kan, àmọ́ ti àkókò tí góòlù yẹn wọlé ni mo fẹ́ sọ.

Mo bojú wẹ̀yìn. Ọkọ mi dúró lẹ́yìn àga mi, ó fi gbogbo ara rẹ̀ tì sórí ẹsẹ̀ òsì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń mì díẹ̀díẹ̀, ó ń bá Dàmọ́lá gbá bọ́ọ̀lù yẹn. Ó ń rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pè é ní nǹkan kan. Àwọn èèyàn ń fò sókè ní ọ̀tún àti òsì rẹ̀, wọ́n ń ké orúkọ ọmọ yẹn, òun sì dúró láàárín wọn pẹ̀lú ẹ̀rín yẹn lójú.

"Àtàndá," mo ní.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ẹni tó pè é. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

"Àtàndá, èmi ni. Ẹ wá jókòó."

Àga yẹn kò gbà ju ẹnì kan lọ. Mo sún dé etí àga náà pátápátá, ó sì jókòó ti mí, a jọ ń wo bọ́ọ̀lù.